Oúnjẹ Sàníù

"Iyán ń tutù, àbúrò mi," Mùjíbátù wí.

"Ẹ jẹ́ ó tutù, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi àti Ìyá la ó jọ jẹ ẹ́ bí wọ́n bá ti Ṣáṣá dé."

Mùjíbátù wo Bàbá Ọládòṣù, àbúrò bàbá wọn. Bàbá ń wo ilẹ̀. Ìyá tí Sàníù ń retí ti wà nínú sàréè lẹ́yìn ilé láti ìgbà àkọ́rọ̀ òjò, lọ́dún kẹta lẹ́yìn tí a gba òmìnira. Ní abúlé wọn, nítòsí Ìyànà Ọ̀fà, a kì í túfọ̀ fún arìnnàjò tí kò tíì jẹun. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ikú wúwo ju ohun tí ikùn òfìfo lè gbé lọ. Mùjíbátù ni wọ́n ní kó sọ ọ́, bí àbúrò rẹ̀ bá jẹun tán, tó sì ṣanwọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Sàníù dé tó ń bèèrè Ìyá, Bàbá sáré ní wọ́n lọ tajà ní Ṣáṣá. Irọ́ náà ló wá dínà oúnjẹ.

Ni Bàbá bá ń bi í léèrè ìrìn àjò. Àrìnjìnnà ní í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, Sàníù sì ti rìn. Ọkọ̀ òkun tó ti ń ṣiṣẹ́ abọ́ fífọ̀ kì í kó ẹrù. Òyìnbó tó ń gbafẹ́ ló ń kó láti èbúté dé èbúté. Ó ròyìn Bọ́ńbè, níbi tí màlúù ti ń sùn láàárín títì, tí mọ́tò ń yà fún un. Ó ròyìn Kòlóńbò àti òórùn ewé tíì. Ní Singapọ̀ ló ti ra agboòrùn pupa kan, bébà tí wọ́n fi òróró pa. Ó ṣí i fún wọn wò.

"Òòrùn ọjà kò ní pa Ìyá mọ́," ó wí.

"Kò ní pa wọ́n mọ́." Bàbá yára tún bi í bí màlúù Bọ́ńbè ṣe ń sùn.

Sàníù pa agboòrùn dé. Tọmọdé tàgbà ló mọ̀ pé Bàbá Ọládòṣù kì í jẹ́ kí ẹni tó kéré sí i sọ gbólóhùn méjì tán.

"Bàbá," ó rọra wí, "láti ìgbà tí mo ti dáyé, ẹ kò tẹ́tí sí mi tó báyìí rí."

Ewúrẹ́ kan ń fara nu ògiri. Sàníù wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí. Ìyẹn kò lè wò ó lójú. Nígbà náà ló fa abọ́ iyán mọ́ra.

Ó ń jẹ, ṣùgbọ́n òkèlè rẹ̀ kò ju èyí tí à ń fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Bó bá gbé ọ̀kan mì, á sọ̀rọ̀ Họ́ńkọ́ǹgì: àwọn ènìyàn tó ń dáná, tó ń bímọ, tó ń darúgbó nínú ọkọ̀ ojú omi.

Iyán tán. Mùjíbátù gbé omi ìṣanwọ́ síwájú rẹ̀. Kò nawọ́ sí i.

"Ìlú kan ṣì kù tí mi ò tíì sọ fún yín," ó wí.

Mùjíbátù mọ̀ pé kò sí ìlú kankan mọ́. Bàbá ṣẹ́jú sí i pé kó sọ ọ́. Mùjíbátù gbé omi náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì jókòó.

"Kí ni wọ́n ń pè é?" ó bèèrè.