Ẹ̀yìn Ìyá Ó-Dàmọ́dún

Ọwọ́ náà dúró sójú kan lórí ẹ̀yìn rẹ̀, kò lọ, kò bọ̀.

Ìyá Ó-Dàmọ́dún dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń retí kí eegun dún kọ́, kí òun dìde lọ kọ máàkì. Ibẹ̀ kọ́ ni ipò rẹ̀. Ọdún kọkàndínlógún rèé tó ti jẹ́ olórí àwọn tí ìjọba yàn láti dán ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ wò, kó tó lè máa fọwọ́ tún eegun ẹ̀yìn tò fún aráyé. Ìdí tábìlì ló máa ń jókòó sí, òun àti bírò pupa rẹ̀. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ara rẹ̀ lórúkọ: ẹni tó bá fìdí rẹmi lọ́wọ́ rẹ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo ni yóò gbọ́, "Ó dàmọ́dún." Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, ẹni tí wọ́n háyà láti wá dùbúlẹ̀ fún ìdánwò kò yọjú. Ìyá bá bọ́ kóòtù, ó ní, "Èmi náà ṣáà ní ẹ̀yìn. Ó yá, ẹni àkọ́kọ́!"

Ẹni àkọ́kọ́ ni ọkùnrin kan tí ìyá ti dá padà lẹ́ẹ̀mejì. Ọwọ́ rẹ̀ lọ́ra. Lọ́dún tó kọjá, ó gbìyànjú láti gbèjà ara rẹ̀, ó ní ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà ni yóò rí ìfun rẹ̀. Ìyá dá a lóhùn pé, "Èèrà kọ́ la ní kí o pa, ẹ̀yìn la ní kí o tò. Ó dàmọ́dún."

"Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló kù o," ni igbákejì ìyá wí láti ìdí tábìlì.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ọkùnrin náà rọra bèèrè, "ṣé ìrora máa ń jí yín lójú oorun?"

"Ìdánwò ta ni, tèmi àbí tìrẹ?"

"Ṣé aṣọ yín ò ti máa tóbi jù yín lọ láìpẹ́ yìí?"

Ìyá fẹ́ bú u, ṣùgbọ́n ó rántí síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Láti bí oṣù mẹ́ta ló ti ń fi píìnì mú ẹ̀gbẹ́ síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ìrora tó sì ń jí i, ọjọ́ ogbó ló kà á sí. Ta ló sọ fún eléyìí?

Ọkùnrin náà ká ọwọ́ kúrò. "Mi ò ní tẹ̀ ẹ́, mà. Ibì kan wà níbẹ̀, bí mo ṣe fìka kàn án báyìí ni èémí yín dúró. Ẹ lọ ya fọ́tò eegun yín kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án."

"Tó ò bá tẹ̀ ẹ́, òdo lo gbà."

"Mo mọ̀, mà." Ó ti ń kó báàgì rẹ̀.

Igbákejì rẹ́rìn-ín, ó dìde, ó ń fa ìka rẹ̀, wọ́n ń dún pàó-pàó. Ìyá ló fún òun náà níwèé àṣẹ. Òun ló gba máàkì jù lọ́dún tó ṣe ìdánwò tirẹ̀, torí ọwọ́ rẹ̀ yá bí àṣá. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ẹ̀yìn ìyá láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Kò sóhun tó ṣe ibí yìí. Ẹ mí sínú, mà, kí n tètè ṣe é."

Ìyá mọ̀ ọ́n lára bó ṣe ń kó ìwúwo rẹ̀ jọ sọ́wọ́.

"Dúró!"

Ìyá fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tó mú òun pariwo. Bóyá "Mo mọ̀, mà" yẹn ni.

Ilé tí wọ́n ti ń ya fọ́tò eegun wà ní òdìkejì títì. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, dókítà ti gbé fọ́tò síwájú iná, ó nàka sí eegun kan tí inú rẹ̀ ti ṣófo bí igi tí ikán jẹ. Ó ní àìsàn ló ń jẹ ẹ́, pé ó ṣeé tọ́jú, pé kò tíì pẹ́ jù. Lẹ́yìn náà ló wo ìwé, tó wo ojú ìyá.

"Iṣẹ́ títẹ ẹ̀yìn lẹ ń ṣe. Wọn ò tíì tẹ eléyìí, àbí?"

"Ó ku díẹ̀."

"Ká ní wọ́n tẹ̀ ẹ́ ni, gbígbé ni wọn ì bá máa gbé yín kiri títí ayé."

Ìyá dìde. Ó sọdá títì padà bí ẹni tó ru omi tó kún dẹ́múdẹ́mú. Ọkùnrin náà ṣì jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, báàgì lórí itan, ó ń dúró de ìdájọ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ìyá kọjá lára rẹ̀ wọ yàrá ìdánwò. Ó mú fọ́ọ̀mù máàkì, èyí tí òun fúnra rẹ̀ ṣe lọ́dún tó débẹ̀: ìdúró, ipò ọwọ́, ìyára, ìró eegun. Ó kà á lókè, ó kà á nísàlẹ̀. Kò síbi tí wọ́n ti lè kọ ọ́ pé ẹnì kan mọ ìgbà tí kò yẹ kóun tẹ ẹ̀yìn. Ó fa ìlà tuntun sísàlẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀, ó buwọ́ lù ú. Ó ní kí wọ́n lọ sọ fún ọkùnrin náà pé ó yege.

Igbákejì ti rí fọ́tò náà. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí tábìlì bí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. "Ǹ bá ti tẹ̀ ẹ́, mà," ló ń wí ṣáá. "Kò sóhun tí ọwọ́ mi bá níbẹ̀. Ǹ bá ti tẹ̀ ẹ́."

Ìyá fẹ́ bínú sí i, ìbínú kọ̀, kò wá. Ta ló fún un ní máàkì? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà mà ju èje lọ. Ojú rẹ̀ yí sí ìwé orúkọ ńlá ti àwọn tó ti yege, tó wà lórí pẹpẹ: ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn, òun ló sì buwọ́ lù lábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan.

Ó wo aago. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni. Káàkiri ìlú, níwájú ìwé àṣẹ tí wọ́n fi gíláàsì bò mọ́ ògiri, gbogbo wọn wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀yìn ẹni ẹlẹ́ni sì wà lábẹ́ ọwọ́ wọn.