Ilé Tí Ìmọ́lẹ̀ Kọ́ Sórí Òkè

Àyà ni ìṣòro Bàbá Dáramọ́lá. Ọdún márùndínlógójì ló fi ṣe tíṣà ní Ìsàn-Èkìtì, eruku ṣọ́ọ̀kì ti jẹ ẹ́ láyà tán kó tó fẹ̀yìn tì. Ibi tí ṣọ́ọ̀kì jẹ ẹ́ dé ni jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò ti gbà á. Dókítà ní bí kò bá kúrò nínú èéfín, kò ní í pẹ́ kú.

Ìmọ́lẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ayàwòrán ilé ni l'Ékòó. Ó ní òun máa kọ́ ilé fún bàbá òun lórí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí èéfín kò lè dé. Ọdún 2004 nìyẹn. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi ń gun òkè náà. Ó dúró láàárọ̀, ó dúró nírọ̀lẹ́, ó wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wá, ó wo ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí. Kò gé igi kankan. Amọ̀ ló fi mọ ògiri, ó nípọn gan-an. Ó fi koríko bẹẹrẹ bo páànù kí ooru má baà ràn wọlé. Ó dá ihò sábẹ́ òrùlé kí èyí tó bá wọlé lè ríbi gbà jáde. Pánẹ́lì kékeré kan ń gba iná lára oòrùn, ó tó tan gílóòbù mẹ́ta àti rédíò. Bí o bá dúró lójú títì, o ò ní mọ̀ pé ilé wà lórí òkè yẹn, ohun tó sì dùn mọ́ Ìmọ́lẹ̀ nínú jù nìyẹn. Ọmọ náà mọṣẹ́, ẹ jẹ́ ká sòótọ́.

Bàbá kó lọ síbẹ̀ lóṣù Kejìlá. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni Ìmọ́lẹ̀ ń pè é lórí fóònù.

"Ilé ńkọ́, Bàbá?"

"Ó tutù, ọmọ mi. Ó tutù dáadáa."

Ikọ́ rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ó ní ọyẹ́ ni.

Lóṣù Kẹta, Ìmọ́lẹ̀ wá láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó gun òkè. Aláǹtakùn ti ta sẹ́nu ọ̀nà. Inú ilé tutù nini, kò sẹ́nìkan níbẹ̀. Ilé àtijọ́ láàárín ìlú ló ti bá bàbá rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn fèrèsé, àyà rẹ̀ ń hó bí ìkòkò ẹ̀kọ. Inú bí i, ẹ̀rù sì bà á.

"Ìgbà wo lẹ ti padà síbí?"

"Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni mo lò lọ́hùn-ún." Bàbá ò wo ojú rẹ̀. "Àwọn tó ń lọ sóko máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé yẹn kọjá. Wọn kì í kí mi pé ẹ kúulé. Ẹ kú oko ni wọ́n ń kí mi. Abà ni wọ́n pè é, Ìmọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní A-B-D! Èmi tí mo máa ń sọ fún wọn pé ẹni tí kò bá kàwé, inú abà ló máa kú sí."

"Ẹ ò sì sọ fún mi."

"O ò bi mí." Ó húkọ́ títí omi fi lé ròrò lójú rẹ̀. "O bi afẹ́fẹ́ léèrè, o bi oòrùn, o bi igi pàápàá. Èmi tí màá gbébẹ̀ nìkan ni o ò bi."

Abéèrè kì í ṣìnà. Àlejò la máa ń sọ ọ́ fún, a kì í rántí sọ ọ́ fún ọmọ tó ń bọ̀ wálé. Ìmọ́lẹ̀ kúnlẹ̀, ó sunkún. Ó ní òun máa fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, òun máa ká koríko náà kúrò, òun máa kùn ún ní funfun kí gbogbo Ìsàn lè rí i. Bàbá ní ó dáa. Sìmẹ́ńtì ò tíì gòkè tí Bàbá fi dákẹ́, lọ́jọ́ kẹrin.

Ìmọ́lẹ̀ bẹ ẹbí pé kí wọ́n jẹ́ kí òun sin ín síwájú ilé náà, níbi tí atẹ́gùn wà. Bàbá Ajíbádé, àbúrò olóògbé, kò bínú. Ó rọra gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Ulé là á sin àgbà sí, ọmọ mi. A kì í sin ín sóko."

Ìmọ́lẹ̀ fẹ́ sọ pé ilé ni. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo tó fẹ́ kó gbà pé ilé ni ti wà nínú pósí, ó sì ti sọ tirẹ̀ kó tó lọ. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ sàréè síbi tí wọ́n bá fẹ́.