Èéfín Táǹkì Kẹta

Ogójì ọdún ni Gbàdàmọ́sí fi tún ọkọ̀ ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde, ohun kan ṣoṣo tí ojú rẹ̀ kò sì gbà rí ni ẹ́ńjìnnì tó ń rú èéfín. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá kọjá, á ní ó ti ń mu ọ́ìlì nìyẹn, á sì mi orí bí ẹni tó pàdé òkú.

Hikmah ni àbíkẹ́yìn rẹ̀. Kò jẹ́ kí ọmọ náà fọwọ́ kan sípánà rí, ó ní mẹkáníìkì kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin. Àṣé ojú fèrèsé ni ọmọ ti ń jí iṣẹ́ wò. Nígbà tó dàgbà, tó di olùkọ́ ní Ayépé, ó lọ kó sẹ́gbẹ́ àwọn tó ń fi rìmóòtù sáré mọ́tò kéékèèké. Mọ́tò tirẹ̀ kò ju bàtà àgbàlagbà méjì lọ, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì gidi ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe bátìrì. Ọdún kan ló fi retí ẹ́ńjìnnì tuntun yìí. Eré ìje di Sátidé ní Odògbolú, kò sì ní ẹ́ńjìnnì mìíràn.

Ẹ́ńjìnnì tuntun kì í sáré lọ́jọ́ tó dé. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ táǹkì epo márùn-ún, díẹ̀díẹ̀, kí písítínnì àti ilé rẹ̀ tó mọwọ́ ara wọn. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ní àgbàlá bàbá rẹ̀, ó ti jẹ méjì nígbà tí iléèwé pe Hikmah sí ìpàdé. Gbàdàmọ́sí ní kó máa lọ, òun á bá a ṣe é. Ta ló tún fẹ́ kọ́ òun pé ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi? Hikmah wojú bàbá rẹ̀ títí.

"Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan síkúrù kabúrétọ̀ yẹn."

Ó ní òun gbọ́.

Ó tan án, èéfín bo àgbàlá. Ó mójú kúrò, ó tún wò ó. Ara rẹ̀ kò gbà á. Kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti mú síkúrúdíráfà, ó ti yí síkúrù sínú kí epo tó ń wọlé lè dín kù. Èéfín dín. Ó tún yí i, èéfín tán, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin geere. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní àwọn tó kọ ìwé ẹ́ńjìnnì yìí kò tíì pàdé mẹkáníìkì Ìjẹ̀bú.

Kò pẹ́ tí orin náà fi ń han goro. Gbàdàmọ́sí ki ìka bọ omi, ó kán an sórí ẹ́ńjìnnì. Omi náà kò tilẹ̀ dúró hó, ó fò dànù. Kíá ló fún ọ̀nà epo pa, ẹ́ńjìnnì sì kú. Ó gbìyànjú láti fọwọ́ yí i, kò yí.

Ẹ̀rù bà á, a kò ní purọ́. Inú epo yẹn ni ọ́ìlì wà; bó ṣe dín epo kù ló dín ọ́ìlì kù. Ohun tó ń rú èéfín náà ló ń tu irin lára. Ó jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn. Nígbà tí irin tutù, ó tún yí i, ó sì yí. Bó bá dá síkúrù padà sáyè rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá wá kú lójú pápá lọ́jọ́ Sátidé ńkọ́?

Nígbà tí Hikmah dé, Gbàdàmọ́sí sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ojú tì í débi pé ilẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Hikmah fi àtàǹpàkò yí ẹ́ńjìnnì náà, ó ń wá ibi tó ti máa ń há díẹ̀ lókè, nítorí èyí tí kò bá há níbẹ̀ mọ́ ti bàjẹ́. Ó yí i lẹ́ẹ̀kan, ó yí i lẹ́ẹ̀kejì, ó wá rẹ́rìn-ín.

"Ó ṣì há. Ẹ pa á lásìkò. Ṣùgbọ́n ẹ máa jókòó síbí, Bàámi, kí ẹ káwọ́ sẹ́yìn."

Hikmah dá síkúrù padà sáyè rẹ̀, àgbà mẹkáníìkì sì káwọ́ pọ̀nyìn lórí àpótí bí ìyókù táǹkì kẹta àti méjì tó kù ṣe ń lọ, tí èéfín ń ta á lójú. Ibẹ̀ ni Mọ́rúfù, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ tó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, yà bá wọn. Ó rí èéfín, ó nawọ́ sí síkúrúdíráfà.

"Ọ̀gá, ẹ ò rí i pé eléyìí ti ń mu ọ́ìlì ni? Ẹ jẹ́ n bá yín tún un ṣe."

"Fi sílẹ̀. Èmi kọ́ ni ọ̀gá níbí." Gbàdàmọ́sí fi àgbọ̀n júwe Hikmah, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn. "Ọ̀gá nìyẹn. Òun ni kó o bi."