Ìgunpá Bàbá Àdínì

Ọjọ́ tí wọ́n wé láwàní fún ọkọ mi ní mọ́sáláṣí wa ní Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n sì fi jẹ Bàbá Àdínì, èmi nìkan ni inú ń bí nínú gbogbo èrò tó wà níbẹ̀. Alága mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní kò sí ẹni tó ń ṣe àlùwàlá bíi Sàlímọ́nù ní gbogbo àdúgbò. Ó ní bí àwa yòókù bá ti fọ apá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó tán, ṣùgbọ́n Sàlímọ́nù á fọ̀ ọ́ títí ọkàn rẹ̀ á fi balẹ̀. Àwọn èèyàn ké Alláhù Akbar. Èmi tí mò ń pọn omi ọ̀hún, ilẹ̀ ni mò ń wò. Àìsàn ọkọ mi ni wọ́n ń fi oyè dá lọ́lá, kò sì sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Orúkọ mi ni Mùlíkátù. Mò ń ta àwọ̀n àti okùn ìpẹja létí ọ̀sà. Ọkọ mi ń kan ọkọ̀ ojú omi, ó sì ń fi ọ̀dà kùn wọ́n. Ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, àáfà kan tó wá ṣe wàásí sọ fún wa pé bí ọ̀dà bá lẹ̀ mọ́ ara, tí omi kò dé abẹ́ rẹ̀, àlùwàlá olúwa rẹ̀ kò pé. Ọ̀rọ̀ náà kò burú. Gbogbo wa gbọ́ ọ, a lọ sílé, a jẹun. Ọkọ mi nìkan ni ọ̀rọ̀ náà bá délé.

Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Á fi kẹrosíìnì nu ìgunpá, á fi ọṣẹ bó o, á fọ̀ ọ́, á wò ó, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin di ẹ̀ẹ̀méje, ẹ̀ẹ̀méje di ohun tí a kò kà mọ́. Tó bá sú u, á pè mí: "Ìyá Waliyah, ṣé omi kan ìgunpá mi?" Èmi á ní, "Ó kàn án, Bàbá Waliyah. Mo fojú mi rí i." Ara rẹ̀ á balẹ̀. Kí n tó dé ibi ìdáná, á tún pè mí. Ọkọ̀ tó yẹ kó kàn tán lóṣù kan ń gba oṣù mẹ́rin, nítorí pé ìrun márùn-ún ló wà lóòjọ́, àlùwàlá ìkọ̀ọ̀kan sì ń gbà á tó wákàtí kan.

A fẹjọ́ sun àáfà àgbà kan. Ó ní wáswásì ni, pé èṣù ló ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí i létí, kó máa kírun sí i. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú baba náà. Ẹni tí ìrun ti sọ di ẹrú omi, ìrun náà lẹ tún ní kó fi kún un!

Ìgbà yìgì Waliyah, àkọ́bí wa, lojú tì wá jù. Aago mọ́kànlá ni wọ́n dá. Nígbà tí ọkọ mi máa fi jáde nílé ìwẹ̀, àwọn àlejò ti ń jẹun. Mọ́ṣúdù, àbúrò ọkọ mi, ló fi ọmọ náà fọ́kọ. Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí, omi ń kán ní ọwọ́ rẹ̀, kò mọ ibi tí yóò jókòó sí. Nítorí náà, nígbà tí Zikrullah wá tọrọ Hanifah, àbúrò Waliyah, ọmọ mi kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

Ó ní, "Mummy, bí Daddy ò bá sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí wọ́n má so yìgì kankan o. Mi ò fẹ́ kí bọ̀dá Mọ́ṣúdù fi mí fọ́kọ."

Oṣù mẹ́ta ló kù. Hanifah náà ló rí obìnrin kan fún wa ní Ìkòròdú, Ummulkhair lorúkọ rẹ̀, ó ní yàrá kan lókè ilé oògùn kan ní Agric. Kì í ṣe dókítà alábẹ́rẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ ohun tó ń da ọkàn èèyàn láàmú, kó sì fi ọ̀rọ̀ àti ìdánrawò tọ́jú rẹ̀. Mo sọ fún àwọn ará ilé pé à ń lọ kí àwọn àna wa. Ta ló fẹ́ gbọ́ pé Bàbá Àdínì ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tọ́jú orí? Nígbà tí a dé Ìmọ̀tà, ọkọ mi ní kí dẹ́rẹ́bà dúró, àlùwàlá òun ti bàjẹ́. Mo di aṣọ rẹ̀ mú títí a fi dé Agric.

Mo rò pé ìyá arúgbó kan la máa bá. Ọmọdébìnrin ni, híjáàbù rẹ̀ funfun, kò lè ju Waliyah lọ. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ọkọ mi ní ìbéèrè, kò kánjú. Ṣé ó ń gbọ́ ohùn ẹni tí kò sí níbẹ̀? Rárá. Ṣé ó ń sùn, ṣé ó ń jẹun, ṣé ó ti ronú rí láti pa ara rẹ̀? Ọkọ mi wo ojú mi kó tó dá a lóhùn pé rárá. Wákàtí mélòó ni àlùwàlá ń gbà lóòjọ́? Láti òdo dé mẹ́rin, báwo ni ìbẹ̀rù náà ṣe pọ̀ tó bí ó bá fẹ́ dúró láìfọ̀ ọ́ mọ́? Ọkọ mi ní mẹ́rin. Ummulkhair kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó wá bi í pé, "Daddy, ẹ̀yin fúnra yín, ṣé ẹ gbà pé omi ò kan ìgunpá yín?"

Ọkọ mi ní, "Mo mọ̀ pé ó kàn án, ọmọ mi. Ọkàn mi ni kì í gbà."

Ọdún mẹ́sàn-án, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí, nítorí n kò bi í rí. Olóríkunkun ni mò ń pè é.

Mo béèrè bóyá ẹnì kan ló fi àìsàn náà ṣe é. Ummulkhair ní òun ò lè sọ pé ohun kan ṣoṣo ló fà á: ó lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan bá ọkàn tó máa ń ṣọ́ra jù pàdé. Ó ní irú èrò bẹ́ẹ̀ máa ń wá sọ́kàn gbogbo èèyàn, àwa á jẹ́ kó kọjá, ọkọ mi kì í lè jẹ́ kó kọjá. Tó bá fọ apá, ìbẹ̀rù á rọlẹ̀, ìrọ̀rùn kékeré yẹn ló ń kọ́ ọ pé fífọ̀ ló gbà á là. Ó dà bí ẹni tó ń họ làpálàpá. Ó ń dùn mọ́ ọn, ó sì ń ràn.

Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi. "Mummy, tí Daddy bá bi yín bóyá omi kàn án, kí lẹ máa ń sọ?"

Mo fi ìgbéraga sọ ọ́. "Mo máa ń sọ fún wọn pé ó kàn án. Gbogbo ìgbà ni mo máa ń dá wọn lóhùn."

Ó ní, "Ẹ̀yin náà ń bá wọn họ ọ́ nìyẹn."

Èmi tí mo pọn omi fún ọdún mẹ́sàn-án! Mo dìde, mo mú báàgì mi. Ọkọ mi ló fà mí jókòó. Ummulkhair tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n kò kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ó ti bá ọ̀dọ́ ìmáàmù kan sọ̀rọ̀, ìyẹn sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún un pé ẹni tí iyèméjì ti di àìsàn fún, kó má ka iyèméjì náà sí, ìrun rẹ̀ pé. Láti ọjọ́ náà lọ, kẹ́tù omi kan péré, kí ọkọ mi fọ̀ ọ́ bí gbogbo èèyàn, kó gbé kẹ́tù sílẹ̀, kó sì jẹ́ kí ìbẹ̀rù náà máa bá a jà títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ìrun Ayílà, ìrun ọ̀sán, ni kó fi bẹ̀rẹ̀, kó tó kan àwọn yòókù. Èmi, tó bá bi mí, ohun kan ṣoṣo ni mo gbọ́dọ̀ sọ: "Mi ò mọ̀."

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ó rọrùn. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́, ọkọ mi wò mí bí ẹni tí mo gbá létí. Lọ́jọ́ kẹta, ó fi orúkọ ìyá rẹ̀ tó ti kú bẹ̀ mí. Mo sá lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo sunkún láàárín àwọ̀n, mo gégùn-ún fún Ummulkhair. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ karùn-ún, ó kí Ayílà pẹ̀lú kẹ́tù kan. Lọ́sẹ̀ kẹsàn-án, ó kan ọkọ̀ kan tán.

Ọjọ́ yìgì Hanifah pé. Gbogbo ará ilé ti lọ sí mọ́sáláṣí, mọ́tò ń dúró dè wá níta. Ọkọ mi wọ ilé ìwẹ̀, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Yìgì kò tilẹ̀ nílò àlùwàlá, ṣùgbọ́n wọ́n máa kí Ayílà tẹ̀ lé e. Ó fọ ọwọ́, ó fọ ojú, ó fọ apá ọ̀tún. Ó fọ apá òsì, ó kánjú, omi náà ṣàn lọ sí ẹ̀gbẹ́, mo sì rí ìgunpá rẹ̀. Ó gbẹ.

Ó gbé kẹ́tù sílẹ̀. Ó yíjú sí mi.

"Mùlíkátù, ṣé omi kan ìgunpá mi?"

Tí mo bá sọ òótọ́, kò ní jáde mọ́ lónìí. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Tí mo bá ní ó kàn án, irọ́ ni, mo sì tún ti dá a padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀.

"Mi ò mọ̀," ni mo wí.

Ó dúró. Mo gbọ́ tí dẹ́rẹ́bà tẹ fèrè lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, ó fa apá aṣọ rẹ̀ wálẹ̀, ó ní, "Jẹ́ ká lọ."

Ó jókòó sí iwájú ìmáàmù. Ó ní, "Èmi Sàlímọ́nù, mo fi Hanifah ọmọ mi fọ́kọ," ohùn rẹ̀ kò sì gbọ̀n. Hanifah ń sunkún, Waliyah ń sunkún ju Hanifah lọ. Wọ́n pe Ayílà. Láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, mo rí i tó dìde wọ inú sàfù, ìlà àwọn tó ń kírun, pẹ̀lú àwọn ọkùnrin. Fóònù wà lọ́wọ́ mi, mo lè pe Mọ́ṣúdù kó lọ sọ fún un. N kò pè é.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a padà sí Agric. Ọkọ mi ń bá àwọn tó jókòó níta ṣàwàdà. Mo wọlé nìkan, mo ti ìlẹ̀kùn, mo jẹ́wọ́ fún Ummulkhair. Mo ní èmi ni mo jẹ́ kí ó kírun pẹ̀lú àlùwàlá tí kò pé, pé ìgunpá rẹ̀ gbẹ, mo ní n kò rí oorun sùn láti ọjọ́ náà.

Ó ní, "Ṣé ó dá yín lójú pé ó gbẹ?"

Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọṣẹ àti kẹrosíìnì ti bó ìgunpá náà, ó ti funfun, kódà tí omi bá wà lórí rẹ̀, ó máa ń dà bíi pé ó gbẹ. Fèrèsé ilé ìwẹ̀ wa sì kéré. Àbí omi ti kàn án kí n tó wò ó? Mo tún gbogbo rẹ̀ rò láti ìbẹ̀rẹ̀, mo tún un rò lẹ́ẹ̀kejì, ọkàn mi kò gbà.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Dókítà, ẹ ṣáà sọ fún mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ṣé omi kàn án àbí kò kàn án?"

Kò gba ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

"Mummy," ó ní, "mi ò mọ̀."

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ pariwo. Ohun tí mo ń fẹ́ ní gbogbo ayé ò ju kí ẹnì kan sọ ọ̀rọ̀ kékeré kan fún mi. Ọkọ mi ti ń fara da èyí nígbà márùn-ún lóòjọ́ fún ọdún mẹ́sàn-án. Mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ níta, mo gbé orí lé tábìlì obìnrin náà, mo sì sunkún fún ọkọ mi.