Ẹni Tí Yóò Kun Ọmọ Alága Lóorun

"Ẹ pe dókítà tó máa ń kun èèyàn lóorun, kí lẹ tún ń dúró dè?" Alága ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ, aṣọ rẹ̀ ti rin gbindin fún òógùn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti ń rọbí láti àárọ̀, ọmọ sì ti há sí i nínú.

Dókítà obìnrin tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ náà ń fọ ọwọ́ rẹ̀ ní tirẹ̀. "Ẹni tẹ́ ẹ ń wí yẹn, sà, ọkọ mi ni. Ó ti lọ sókè òkun."

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Gbogbo wọn ló lọ."

Inú dókítà náà dùn, ẹ má jẹ́ ká purọ́. Ọkùnrin tó ń pariwo yìí ni alága àjọ tó ń darí ilé ìwòsàn ìjọba. Nígbà tí àwọn dókítà lọ bá a pé owó oṣù àwọn kò gbọ́ bùkátà, ńṣe ló fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó máa bá tiẹ̀ lọ." Ọkọ rẹ̀ bá tiẹ̀ lọ lóòótọ́. Láti ìgbà náà ló ti ń gbàdúrà kí ọwọ́ òun tẹ Alága. Ọwọ́ ti wá tẹ̀ ẹ́ wàyí.

"Abẹ́rẹ́ tí ń mú ojú ibi tí mo fẹ́ gé kú nìkan ló kù," ó ní. "Kò lè ràn dé inú, yóò mọ ọ̀bẹ lára. Ẹ wọlé, sà, ẹ wá di èjìká ọmọ yín mú."

Àwọn òṣìṣẹ́ tó lè dì í mú wà níta. Dókítà mọ̀, kò sì pè wọ́n.

Nígbà tí ọ̀bẹ wọlé, igbe ọmọbìnrin náà gba gbogbo ilé. "Dádì! Ẹ ní kí wọ́n kùn mí lóorun!"

Alága gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ wo ojú rẹ̀, sà," ni Dókítà wí. "Ẹ sọ ìdí tí kò fi sẹ́ni tó máa kun ọmọ yín lóorun."

Alága sọ ọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀, títí kan yẹ̀yẹ́ tó fi àwọn dókítà ṣe.

Kò pẹ́ tí ọmọ fi ké. Dókítà gbé e fún nọ́ọ̀sì, ó wá ń dúró de adùn tó ti ń retí láti ọjọ́ yìí. Ìyá ọmọ kọ́kọ́ já ọwọ́ bàbá rẹ̀ kúrò léjìká, kó tó yíjú sí Dókítà.

"Èmi ńkọ́, Dókítà? Kí lèmi ṣe fún yín?"

Dókítà nawọ́ sí òwú tí wọ́n fi ń rán ọgbẹ́. Agbára abẹ́rẹ́ náà ti ń tán lára ọmọ ọlọ́mọ, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì rán ojú ọgbẹ́.