Àlùmọ́gàjí Ìyá Aránṣọ

Kò sí ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú bíi ti Ìyá Aránṣọ nínú ìpàdé àdúgbò. Nígbà tí wọ́n ń jiyàn bóyá kí wọ́n gba ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láyè láti wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlógún tó lò lẹ́wọ̀n nítorí pé ó fi ọ̀bẹ gún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pa níbi ìjà, òun ló dìde, tó fọwọ́ bàdí.

"Ẹni tó bá ti jìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tán, ẹ jẹ́ ká gbà á bí èèyàn! Àbí ẹ fẹ́ ká sọ ọ́ sínú òkun ni?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Alága gan-an nu ojú.

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n dé, kó tó jókòó tán, àbúrò ti kó gbogbo ọ̀bẹ ilé sábẹ́ fóòmù bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, àti àlùmọ́gàjí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó fi ń gé aṣọ. Kódà abẹ fẹ́lẹ́ tó fi ń gé èékánná kò gbẹ́yìn. Ó ní òun ò bẹ̀rù o, ilé lòun kàn ń tún ṣe.

Ṣùgbọ́n kí ni aránṣọ fẹ́ ṣe láìsí àlùmọ́gàjí? Aṣọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì méjìlá wà nílẹ̀, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń bọ̀ wá kó o. Bí kò bá parí, iṣẹ́ ọ̀hún ti bọ́ nìyẹn. Kò sì jẹ́ mú ọ̀kan jáde lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni ó bá ń fi eyín ya aṣọ. Ètè rẹ̀ wú.

Ní Ọjọ́rú, nọ́ọ̀sì àgbà yà wọlé, ó wo etí aṣọ tó rí jákujàku.

"Ìyá, ṣé eku ló gé èyí ni?"

"Àrà tuntun ni," ni Ìyá Aránṣọ wí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń fi ṣíbí gé búrẹ́dì. Nígbà tí nọ́ọ̀sì lọ tán, ó wúkọ́.

"Àbúrò mi, lọ́gbà ẹ̀wọ̀n, èmi náà ránṣọ. Ṣéènì la fi ń de àlùmọ́gàjí mọ́ tábìlì. Wá ṣéènì, kí o yéé ba eyín rẹ jẹ́. Inú ò ní bí mi. Mo mọ ohun tí ọwọ́ mi ṣe."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló sọ fún yín pé mo..."

"Bẹ́ẹ̀dì rẹ ni. Gbogbo ìgbà tí o bá yíra padà ló ń dún ṣaworo."

Bí ilẹ̀ bá lanu nígbà náà, Ìyá Aránṣọ ìbá wọlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dọ́kàn. Ó wọ yàrá, ó mú àlùmọ́gàjí tó tóbi jù jáde, ó nà án sí i.

"Ẹ gbà. Ẹ bá mi gé ọwọ́ aṣọ yìí."

Ẹ̀gbọ́n fà sẹ́yìn. "Gbé e sórí tábìlì. Lọ́hùn-ún, a kì í gbà á lọ́wọ́ ara wa."

"Ẹ gbà á lọ́wọ́ mi."

Irọ́ ni bí mo bá ní ẹ̀rù ò bà á. Apá ń ro ó, kò gbé e sílẹ̀, títí ẹ̀gbọ́n fi na ọwọ́ tirẹ̀, tó sì gbà á.