Omi Òkè Ẹlẹ́fun

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kejì ọdún 2024, ìyá Ràṣídì kọ omi. Naimat, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀, gbé ife sí i lẹ́nu, ó yí ojú sí ògiri. Wọ́n gbé omi kànga wá, ó kọ̀ ọ́. Wọ́n gbé píọ̀ wọ́tà tútù wá, ó ní ó ń rùn láílọ̀ọ̀nù. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó la ojú, ó ní kí wọ́n pe àwọn ọmọ òun méjèèjì wá.

"Omi Òkè Ẹlẹ́fun ni mo fẹ́," ó ní. "Ẹ bá mi bu díẹ̀ wá, kí n tọ́ ọ wò."

Ràṣídì, tó jẹ́ àkọ́bí, wo Sìmbíátù àbúrò rẹ̀. Télọ̀ ni Ràṣídì, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Opó ni Sìmbíátù, ìlú Awo ni ó ti fẹ́ Salman ọkọ rẹ̀, kò sì tíì pẹ́ tó padà sílé ní Ẹdẹ. Ó ti ju ogójì ọdún lọ tí àwọn méjèèjì ti dé Òkè Ẹlẹ́fun kẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n Ràṣídì mọ omi náà dáadáa. Lọ́dún tí ọ̀dá dá, nígbà tí Sìmbíátù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká eyín, gbogbo kànga agboolé wọn gbẹ, odò di ẹrẹ̀. Abẹ́ àpáta kan ní òdìkejì odò, lẹ́yìn oko wọn lọ́nà ìlú Ara, ni Ìyá ti ń rí omi. Á jáde kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, kò ní padà dé títí ilẹ̀ yóò fi máa jó ènìyàn lẹ́sẹ̀. Á bu ti Ràṣídì, á bu ti Sìmbíátù. Bí Ràṣídì bá béèrè tirẹ̀, á ní, "Mo ti mu tèmi lójú ọ̀nà." Ràṣídì rántí ètè rẹ̀ nígbà náà, bó ṣe funfun, tó sì là bí ilẹ̀ àbàtà tó gbẹ. Ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ kì í wo ẹnu ẹlòmíràn pẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbéra pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì kékeré kan. Ọlọ́kadà gbé wọn dé ibi tí ọ̀nà mọ́tò parí sí lẹ́yìn Ara. Ó wo kẹ́ẹ̀gì ọwọ́ Ràṣídì, ó rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ̀rọ omi wà níbí o. Ọ̀fẹ́ ni."

"Má da ara ẹ láàmú, ọmọ mi," Sìmbíátù dá a lóhùn. "Ẹsẹ̀ là ń fi ra tibi tí à ń lọ."

Ọ̀nà náà gba inú èèsún tí iná ti jó kọjá, eérú ń rá mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, kùkùté èèsún ń gún bàtà. Lẹ́yìn náà ó sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì Ọ̀ṣun, níbi tí afẹ́fẹ́ ti tutù tí ewé gbígbẹ sì nípọn bí tìmùtìmù. Odò ti fà. Wọ́n ń tẹ orí òkúta kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, Ràṣídì ń na ọwọ́, Sìmbíátù ń dì í mú, ó sì ń bú u pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n ju tòun lọ.

Gígòkè ní òdìkejì ló le. Òkúta ibẹ̀ funfun bí ẹfun, ó ń rún lábẹ́ ẹsẹ̀, ó ń kun etí aṣọ. Bí ènìyàn bá gòkè tán, orí rẹ̀ tẹ́jú lọ rẹrẹ bí ẹní, kò sì sí igi gidi kan tó lè ṣíji bo adìẹ. Sìmbíátù jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ìyeyè tín-ínrín kan.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ máa lọ. Orúnkún mi ti di ìyàwó kékeré, ó ní àfi kí wọ́n máa bẹ òun."

"Kí n fi ọ́ sílẹ̀, Àṣàkẹ́?"

"Omi yẹn ń kán ni, kì í ṣàn. Bí ẹ ò bá tètè gbé kẹ́ẹ̀gì sábẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ la máa sùn. Ẹ fi ewé sí oríta fún mi, mo ń bọ̀."

"Ṣé o ṣì rántí ewé Bàámi?"

"Ẹ gbọ́! Ṣé ẹ̀yin nìkan ni Bàámi bí ni?"

Ràṣídì rẹ́rìn-ín, ó ya ẹ̀ka kan lára igi ìyeyè náà, ó lọ. Nígbà tó dé oríta, ó fi ẹ̀ka náà dábùú ọ̀nà ọwọ́ ọ̀tún, ó gbé òkúta lé e, òun sì gba òsì. Bí bàbá wọn ṣe ń ṣe nìyẹn: ọ̀nà tí kò bá gbà ló ń fi ewé dí, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà ṣìnà.

Ó bá omi náà níbi tó wà, lábẹ́ ètè àpáta, tó, tó, tó. Ó ká ewé gẹ́gẹ́ bí Ìyá ti máa ń ká a, ó fi ṣe ọ̀nà fún omi wọ ẹnu kẹ́ẹ̀gì. Ó jókòó. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, nítorí inú àpò Sìmbíátù ni píọ̀ wọ́tà wọn wà, ṣùgbọ́n kò fi ọwọ́ kan omi Ìyá. Ó fi erùpẹ̀ ṣe táyámọ́mù dípò àlùwàlá, ó kí ìrun ọ̀sán. Òjìji àpáta ń sún, Sìmbíátù kò yọ. Ó pè é, ohùn rẹ̀ ló ń dá a lóhùn. Ó wo fóònù, kò sí nẹ́tíwọ̀kì.

Kẹ́ẹ̀gì kò tíì dé ìdajì nígbà tó gbé e, tó padà. Ní oríta, ẹnì kan ti gbé òkúta kúrò lórí ewé. Ipasẹ̀ Sìmbíátù, ọ̀kan jìn, ọ̀kan fẹ́lẹ́, wà nínú eruku funfun lọ́nà ọ̀tún. Ràṣídì yára tẹ̀lé ipasẹ̀ náà.

Ó bá a lórí àpáta gbalasa níbi tí àwọn obìnrin ti máa ń sá láfún láyé àtijọ́. Ó jókòó, ó fi ìborùn bo orí, láílọ̀ọ̀nù píọ̀ wọ́tà tí ó ti mu tán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò làágùn mọ́. Ètè rẹ̀ funfun, ó ti là.

"Bọ̀ọ̀dá mi," ohùn rẹ̀ ń fà, "mo tẹ̀lé ewé yín."

"Ewé tí mo fi dí ọ̀nà?"

"Salman kì í dí ọ̀nà. Tó bá lọ sígbó ọdẹ, ọ̀nà tó bá gbà ló ń fi ewé sí, kí n lè gbé oúnjẹ tẹ̀lé e. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi tẹ̀lé ewé Salman. Bí mo ṣe rí ewé, ẹsẹ̀ mi kàn ń lọ ni."

Ràṣídì lóṣòó tì í. Ó ṣí kẹ́ẹ̀gì.

"Ti Ìyá ni," Sìmbíátù ní, ó yí ẹnu kúrò.

"Mu."

"Ẹ ò gbọ́? Ìyá ń retí—"

"Ìyá ló bí ẹ. Mo ní kí o mu!"

Ó mu, ó tún mu. Ràṣídì da omi sí i lórí, ó da á sí i lọ́rùn, ó fi rẹ ìborùn rẹ̀. Omi tó bá bọ́ sílẹ̀, àpáta ń fà á mu lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí òógùn tún yọ níwájú orí Sìmbíátù, ohun tó kù nínú kẹ́ẹ̀gì kò bo ìsàlẹ̀ rẹ̀ tán.

"Ẹ padà lọ gbé e sábẹ́ omi," Sìmbíátù ń sunkún. "Màá dúró."

Ràṣídì wo oòrùn. Bí ilẹ̀ bá ṣú bá wọn ní ìhín odò, kò lè gbé e kọjá. Ó kúnlẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí i.

"Gùn mí."

"Arúgbó yìí!"

"Gùn mí, jàre. Ṣé èmi kọ́ ni mo pọ̀n ọ́ dàgbà?"

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Sìmbíátù wà tí wọ́n fi la odò kọjá. Ní àárín odò, ó sọ sí i létí pé, "Ẹ ti rù o, egungun yín ń gún mi."

"Ìwọ lo sanra," Ràṣídì ní, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ìyá kò tíì sùn nígbà tí wọ́n wọlé. Ó na ọwọ́ sí kẹ́ẹ̀gì, ó mì í.

"Ṣé omi ibẹ̀ ti ń gbẹ ni?"

"Rárá o, Ìyá," Ràṣídì ní. "Òùngbẹ fẹ́ pa Àṣàkẹ́ lórí àpáta. Mo fún un ní omi yín."

"Ṣé ó mu ún yó?"

"Ó mu ún yó."

"Kò burú, Àlàó ọmọ mi."

Naimat fi ṣíbí bu èyí tó kù fún un. Ṣíbí mẹ́ta ni. Ìyá pọ́n ètè rẹ̀ lá, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ó ṣì ń ta ahọ́n bí ẹfun," ó ní.

"Ìyá," Ràṣídì sún mọ́ ọn. "Lọ́dún ọ̀dá yẹn, ṣé lóòótọ́ lẹ máa ń mu tiyín lójú ọ̀nà?"

Ẹ̀rín gbọn èjìká Ìyá. "Ta ló ń mu omi lójú ọ̀nà, tí ọmọ méjì jókòó sílé?"

Wọ́n fi àdéhùn sí Sátidé tó ń bọ̀. Ràṣídì ra kẹ́ẹ̀gì ńlá, Sìmbíátù ní òun yóò máa di aṣọ rẹ̀ mú lẹ́yìn, kò sí ọ̀rọ̀ ewé mọ́. Ní Ọjọ́rú, Ìyá kú, wọ́n sì sin ín kí ìrun alásárì tó dé.

Kẹ́ẹ̀gì ńlá náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, omi kò kàn án rí. Ṣíbí mẹ́ta ni Ìyá mu nínú omi Òkè Ẹlẹ́fun, kò mu òmíràn.